Eré Kọ́ Lèyí, Púrínsípà!

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe yìí kò yọ tíṣà sílẹ̀, kò sì yọ púrínsípà sílẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin télọ̀, kápẹ́ńtà àti bíríkìlà, ẹ sún mọ́ bí, ọ̀rọ̀ ọmọ yín ni.

Ẹ fi ojú inú wo ìyá kan tó ń ta gàrí ní Ìlógbò-Èkìtì. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní JSS 1. Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé ni inú máa ń run ọmọ náà. Owó oúnjẹ tí wọ́n fún un kì í débi oúnjẹ. Ẹ̀wù iléèwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán ti ya lápá. Bí ìyá bá bi í, á ní òun ṣubú ni. Ìgbà tí ìyá rọ̀ ọ́ títí ló tó jẹ́wọ́: àwọn séníọ̀ méjì ló ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń gbá a létí, wọ́n sì ní bó bá fẹnu sọ ọ́, ojú rẹ̀ á rí nǹkan.

Kí ni ìyá máa ṣe? Àwọn kan á di ìró mọ́dìí gírí, wọ́n á sáré wọ iléèwé, wọ́n á da ìgbájú bo ọmọ ọlọ́mọ. Kílẹ̀ tó ṣú, ìyá fúnra rẹ̀ ló máa wà ní tésàn ọlọ́pàá, kò sì sẹ́ni tó máa rántí ẹjọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́. Àwọn mìíràn á lọ jẹ́jẹ́. Púrínsípà á ní, “Màmá, ọmọdé ni wọ́n, eré ni wọ́n ń bára wọn ṣe.” Wọ́n á ní, “Ẹ ṣé o, sà,” ó parí. Ọ̀nà méjèèjì kò dáa. Èsì tó yẹ kí ìyá fi pẹ̀lẹ́tù sọ ni: “Ẹ má bínú, sà. Bó bá jẹ́ eré ni, kí ló dé tó jẹ́ pé ọmọ tèmi nìkan ló ń sunkún délé?”

“Eré ni” yìí ti ko ọ̀pọ̀ ilé sí wàhálà. Lóṣù Kejìlá ọdún 2020, ìyá kan figbe ta lórí Facebook nípa iléèwé kan ní Uyo, ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom. Ó ní wọ́n febi pa ọmọ òun, ọmọ ọdún 11, wọ́n sì fi í sí yàrá àwọn séníọ̀ tó ń fìyà jẹ ẹ́, torí pé ó ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ariwo yẹn ni àwọn tó ni iléèwé ní kí púrínsípà lọ rọ́kún nílé, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì gbé ìgbìmọ̀ dìde. Lóṣù Kẹrin ọdún 2024, fídíò ọmọbìnrin kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá létí ní iléèwé olówó ńlá kan l'Ábújá gba ìlú kan. Iléèwé náà tilẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́ta, mínísítà ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀. Ó dáa pé wọ́n dìde, àmọ́ ìyà ti jẹ ọmọ tán.

Ti Èkó ló wọni lákínyẹmí ara jù. Ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, ọmọ ọdún 12 kan tó ń lọ sí Dowen College ní Lẹ́kí kú. Àwọn òbí rẹ̀ ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ló lù ú. Iléèwé ní ìdí bọ́ọ̀lù ló ti fẹsẹ̀ ṣèṣe. Ìjọba Èkó ti iléèwé náà pa. Lọ́dún 2024, adájọ́ tó wádìí ikú náà ní àrùn tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á, kì í ṣe lílù. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé: bí ọmọ bá gbé ọgbẹ́ wálé, ọsibítù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ìtọ́jú lè gba ẹ̀mí là, ìwé dókítà á sì di ẹlẹ́rìí yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ ẹnu, afẹ́fẹ́ ló ń gbé e lọ. Ẹ kọ ọjọ́, kíláàsì ọmọ, ohun tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ àti ẹni tó rí i. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ ń fẹ́: kí tíṣà máa ṣọ́ wọn ní bíréèkì àti nígbà tí wọ́n bá jáde iléèwé, kí wọ́n pe òbí àwọn ọmọ tọ̀hún, kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọ́n máa fún yín lésì. Ẹ̀dà méjì ni kó jẹ́. Kí iléèwé fọwọ́ sí ọ̀kan, kẹ́ ẹ mú un lọ sílé. Ẹni tí kò mọ̀wé, kó bẹ akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí. Èdè Yorùbá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú lẹ́tà.

Bí ọjọ́ bá pé tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ gùnkè. Ti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì ní Ìdó-Èkìtì. Ti sẹ́kọ́ńdìrì, iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ wà l'Ádó-Èkìtì. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà yín dání. Oore kọ́ lẹ ń tọrọ. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fìyà jẹ ọmọ ní ara tàbí ní ọkàn, Èkìtì náà sì ti ṣe tirẹ̀. Àmọ́ ẹ má tètè gbé fọ́tò ọmọ yín sórí fóònù kiri; ojú tí ayé bá ti rí, wọn kì í gbàgbé bọ̀rọ̀.

Ẹ má dá lọ o. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ tí ẹ máa ń sá fún torí owó dáwójọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti yẹ kó wáyé. Púrínsípà lè fi ọ̀rọ̀ ìyá kan falẹ̀, kò lè fi ti ogún ìyá falẹ̀.

Kí olúkúlùkù sì wo àpò ọmọ tirẹ̀ náà. Bí ẹ bá bá owó tí ẹ kò fún un níbẹ̀, ọmọ ìyá kan ní kíláàsì ìsàlẹ̀ ni ebi ń pa yẹn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.