Ara Fúnra Rẹ̀ Ń Bá Jẹjẹrẹ Jà

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Bódìjà, tó gba ojú títì Queen Elizabeth já sí Mọ́kọ́lá, yóò kọjá lẹ́nu géètì ilé ìwòsàn UCH, ṣùgbọ́n kò dá mi lójú pé púpọ̀ nínú wa mọ̀ pé níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tí ó di ọ̀gá oníṣẹ́ abẹ nílé Olúyọ̀lé, ti tọ́jú àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ Burkitt wú ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ó sì ṣàkíyèsí pé oògùn díẹ̀ a máa yọ́ kókó ńlá dànù lára wọn, àrùn náà kò sì ní padà sára àwọn mìíràn mọ́. Ní 1967 ó kọ ọ́ sínú British Medical Journal pé agbára ìgbèjà ara aláìsàn fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìjà yìí. Ní 1972, òun, Burkitt tí a fi orúkọ rẹ̀ pe jẹjẹrẹ náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gba ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà.

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà; inú sẹ́ẹ̀lì ara wa náà ni jẹjẹrẹ ti ń hù. Nítorí náà ni sẹ́ẹ̀lì T, ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀, ṣe ń rìn kiri bí ọdẹ òru, tí ó ń yẹ àfọ́kù purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbé síta wò. Bí ó bá rí èyí tó ṣàjèjì, purotéènì inú rẹ̀ tí ń jẹ́ Lck a lẹ fọ́sífétì mọ́ ìdí ohun tí ó fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, òmíràn tí ń jẹ́ ZAP-70 a gba iṣẹ́ náà, kálísíọ̀mù a ya wọlé, purotéènì NFAT a sì lọ jí àwọn jíìnì ogun. Ohun ìjà rẹ̀ tí ń jẹ́ perforin a dá ihò sára ọ̀tá, granzyme a gba ibẹ̀ wọlé pa á. Àmọ́ alárékérekè ni jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ a na purotéènì PD-L1 tirẹ̀ kan purotéènì PD-1 lára ọmọ ogun náà, SHP-2 inú ọmọ ogun náà a bọ́ fọ́sífétì wọ̀nyẹn kúrò, àṣẹ a sì kú sójú ọ̀nà. Honjo ará Japan ló rí PD-1 yìí. Òun àti Allison ará Amẹ́ríkà ló pín ẹ̀bùn Nobel ní 2018, oògùn tó ń tú ìdè náà sì ti dé ọjà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ ju agbára òṣìṣẹ́ ìjọba lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn aláwọ̀ dúdú ilẹ̀ Áfíríkà kò tó nǹkan nínú àwọn tí a fi dán irú oògùn bẹ́ẹ̀ wò. Sẹ́ẹ̀lì T ọmọ Agbowó, tí ibà ti ń bá wọ̀jà láti kékeré (ibà yìí kan náà sì ni í mú kí apá rẹ̀ rọ sí kòkòrò Epstein-Barr tí ń bá Burkitt rìn), kò rí bí ti ọmọ Texas. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a dán oògùn náà wò níhìn-ín, ní UCH, kí ilé iṣẹ́ tó ni oògùn san owó rẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ṣáájú pé ẹni tó bá gbà kí a dán an wò lára òun yóò máa rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́yìn náà.