Gáàsì Ń Jó Dànù, Ìyá Wa Ń Fẹ́ Iná Igi



Nínú ohun tí a kọ́kọ́ ń kọ́ ọmọ nídìí àlùwàlá ni pé kò gbọdọ̀ fi omi ṣòfò, ì báà jẹ́ etí odò ni ó wà. Bí ìnákúnàá omi kẹ́tùlù kan bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ni ká ti wí nípa gáàsì tí ń jó tọ̀sán-tòru ní Niger Delta?

Bí wọ́n bá ń fa epo rọ̀bì, gáàsì máa ń bá a jáde. Owó ńlá ni wọ́n fi ń gbá a jọ, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti dáná sun ún. Òfin ọdún 1979 ní kí wọ́n jáwọ́ títí ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1984, àfi ẹni tí mínísítà bá yọ̀ǹda fún. "Àfi" yìí ni ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kọ́bọ̀ 2 péré ni owó ìtanràn tí wọ́n kọ́kọ́ bù lé 1,000 kúbíìkì fíìtì. Ní 1998, ó di náírà 10. Ta ni yóò ra ẹ̀rọ olówó gọbọi nígbà tí ìtanràn rẹ̀ pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀? Ọdún 2018 ni ìjọba tó sọ ọ́ di dọ́là 2 fún àwọn iléeṣẹ́ ńlá, síbẹ̀ iná náà kò tíì kú.

Bẹ́ẹ̀, inú gáàsì yìí kan náà ni a ti lè yọ èyí tí a ń rọ sí sílíńdà. Irú rẹ̀ ni ó ń gba inú páìpù wá sí Egbin ní Ìkòròdú láti fún wa ní iná mọ̀nàmọ́ná. Bí kò bá tó, òkùnkùn dé. Àwọn ìyá wa sì wà nídìí àdògán, wọ́n ń fẹ́ná, èéfín ń wọ̀ wọ́n lójú àti láyà, igbó wa náà ń tán lọ. Ẹni tí ó bá ti dáná lẹ́yìn òjò mọ̀ pé igi tútù kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Àwọn kan ní iná oòrùn ni ká gbájú mọ́. Ó dára fún gílóòbù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tí ó fi ro àmàlà ìkómọ.

Ohun tí mo ń fẹ́ ni pé kí owó ìtanràn ju owó ẹ̀rọ tí ń gbá gáàsì jọ lọ, kí a sì fi ra sílíńdà fún àwọn ìyá nígbèríko, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti abúlé tí iná náà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìjọba ti dá 2030 pé iná náà yóò kú. Kí àwọn aṣòfin tí a dìbò fún sọ fún wa báyìí, ṣé "àfi" tún wà nínú èyí náà?