Màmá Kì Í Ṣe Àjẹ́, Iyè Rẹ̀ Ló Ra

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kò ṣàjèjì sí yín, yálà Èjìgbò lẹ wà, tàbí Ifẹ̀-Ọ̀dàn, tàbí abúlé oko. Ìyá àgbà kan ń bẹ nínú agbolé tí iyè rẹ̀ ti ra. Ó jẹun tán, ó ní wọn kò fún òun lóúnjẹ. Ó ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ rẹ̀. Lóru, ó dìde, ó ń wá ọ̀nà oko ọkọ rẹ̀. Àwọn kan a ní ogbó ni. Àwọn mìíràn a máa sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ màmá ló dé bá a. Bí ó bá wá fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lòún pa lágbájá, ọ̀rọ̀ bùṣe, wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́.

Àwa kò fara mọ́ ọn. Àìsàn inú ọpọlọ ni, bí ẹ̀jẹ̀ ríru ti jẹ́ àìsàn. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí òní jẹ́, ẹ̀rí wo ni ẹ fẹ́ gbà lẹ́nu rẹ̀? Kì í sì í ṣe ogbó lásán. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 48. Ojú Jákọ́bù ti bàìbàì nígbà tó fẹ́ súre fún àwọn ọmọ Jósẹ́fù. Jósẹ́fù rò pé bàbá ṣi ọwọ́ gbé, ṣùgbọ́n bàbá mọ ohun tí òun ń ṣe. Ó dùn wá pé àwọn ilé àdúrà kan wà tí wọ́n ń fi ebi pa irú arúgbó bẹ́ẹ̀ lórúkọ ìdáǹdè.

Ní 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ọmọ Òkèmẹ̀sí jẹ́ aṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé ní Ìdíkàn, n'Íbàdàn. Àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65 sókè ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Yunifásítì Indiana ń ṣe bákan náà láàrin àwọn adúláwọ̀ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ṣaláìsí ní 1995, ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù kò jẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Ní 2001, wọ́n gbé àbọ̀ jáde. Nínú 1,000 àgbà tí iyè wọn ṣì pé, bí ọdún kan bá yí po, bíi 13 tàbí 14 ni àrùn yìí ń mú ní Ìdíkàn. Ní Indianapolis, bíi 32 ni.

Ilẹ̀ Áfíríkà náà ni wọ́n ti kó àwọn baba ńlá àwọn ará Indianapolis lẹ́rú, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ nìkan kò lè jẹ́ ìdí rẹ̀. Àwọn dókítà kò sọ pé àwọn ti mọ gbogbo okùnfà rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn àgbà Ìdíkàn kò sanra tó ti ọ̀hún, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò sì pọ̀ láàrin wọn tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìdíkàn fúnra rẹ̀, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ni àrùn náà ń mú jù.

Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí sọ pé àìsàn Amẹ́ríkà ni o. Àwọn ìyá wa tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ oko, tí wọ́n ń fi ewédú, gbúre àti ẹ̀wà jẹun, àwa ha ṣì ń gbé bí wọ́n ti gbé bí? Ọ̀kadà la ń gùn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní òpópónà kejì. Mínírà kò gbọ́dọ̀ wọ́n nínú ìnáwó wa, iyọ̀ àti magí sì ń bára wọn díje nínú ìkòkò ọbẹ̀.

Ní 2024, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka nǹkan 14 tí a bá mú kúrò, a lè dènà bíi 45 nínú 100 àìsàn yìí tàbí kí a sún un síwájú. Sìgá, ọtí àmujù àti orí tó fara gbá wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n méjì wà tí ìjọ kì í kà sí: etí dídi àti ìdáwà. Ẹ rántí Básíláì nínú Sámúẹ́lì Kejì orí 19, ẹni 80 ọdún, tó bi Dáfídì bóyá etí òun ṣì lè gbọ́ ohùn akọrin. Ọ̀pọ̀ bàbá ló wà lórí bẹ́ńṣì wa tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí ìwàásù tí wọn kò gbọ́.

Ti ìdáwà ńkọ́? Ará Èjìgbò mọ ọ̀nà Àbíjàn bí ẹni mowó. Àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa lọ́hùn-ún, wọ́n ń fowó ránṣẹ́, wọ́n sì kọ́lé fún màmá. Màmá nìkan ló wá ń gbé yàrá mẹ́fà, láti àárọ̀ títí di alẹ́ kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Owó kì í dáhùn bí èèyàn bá pè é.

A tún gbọ́dọ̀ sọ ti oògùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo kó tó ṣọṣẹ́. Àwọn kan jẹ́rìí ìwòsàn lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n da oògùn nù lọ́jọ́ Ajé. Jésù ní kí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá nì lọ fi ara wọn han àlùfáà. Ẹni tí Olúwa bá mú lára dá, ẹ jẹ́ kí dókítà fi ẹ̀rọ rí i ná.

Bí iyè ẹnì kan bá ń ra, ọsibítù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ibà, àìsàn inú ìtọ̀, tàbí oògùn tí kò bá ara mu lè da arúgbó lórí rú, ìwọ̀nyí sì ṣeé wò. Ẹ̀yin alàgbà, owó ìkórè kan ṣoṣo ju iye ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ. Ẹ ra ọ̀kan sí ìjọ, kí nọ́ọ̀sì tó wà láàrin yín máa lò ó. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, ẹ yan ọjọ́ tí ẹ ó máa yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń dá gbé, kí ẹ sì bá wọn jókòó pẹ́. Bí màmá bá béèrè ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ní kó sọ irú èèyàn tí bàbá jẹ́ fún yín.