Ọ̀nà Wo Ni Kí Oníkẹ̀kẹ́ Gbà ní Ìjọ́rà Badia?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ ológeere kúrò ní Ìjọ́rà Badia, tí ó forí lé èbúté Àpápá, yóò rí i pé ọ̀nà lè pọ̀ kí èyí tí ó ṣeé gbà má pọ̀.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Àpápá wà lára wọn. Òfin náà nídìí: ìjàǹbá ọ̀kadà ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di aláàbọ̀ ara. Àmọ́ alágbàṣe tí kò rí ọ̀kadà gùn mọ́ ṣì gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ológeere kò mu epo, òfin ọ̀kadà kò sì kàn án. Ohun tí kò ní ni ojú ọ̀nà.

Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí ó gba orí afárá Ìjọ́rà bọ́ sí Wharf Road. Ibẹ̀ náà ni tirélà àti táńkà ń gbà. Awakọ̀ tí ó jókòó sókè kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oníkẹ̀kẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí tirélà bá sì ń yà, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa fún ẹni tí ó wà nínú kọ́nà mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, kọ̀ǹténà já bọ́ láti orí afárá Ojúẹlẹ́gbà lu bọ́ọ̀sì èrò, ènìyàn 9 sì kú. Bí bọ́ọ̀sì kò bá lè gba irú ẹrù bẹ́ẹ̀ dúró, kí ni ti kẹ̀kẹ́?

Ọ̀nà kejì ni àárín àdúgbò Badia fúnra rẹ̀. Tirélà kò pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ àbàtà ni. Ní ọdún 1973, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fẹ́ kọ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré ńlá sí Ìgànmú, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ará Olúwọlé lọ. Àwọn olùgbé ló ń fi ọwọ́ ara wọn kún ilẹ̀ náà. Bí òjò bá rọ̀, omi a bo títì àti gọ́tà mọ́lẹ̀ dọ́gba, oníkẹ̀kẹ́ kò sì ní mọ ibi tí ọ̀kan ti parí.

Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè jíjìnnà ní Scotland náà ń ṣa ọ̀nà. Òfin ilẹ̀ tí wọ́n ṣe níbẹ̀ lọ́dún 2003 fún wọn láyè láti la ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ilẹ̀ náà kọjá, bí wọn kò bá ti ba nǹkan jẹ́. Wọ́n a wo afẹ́fẹ́, odò, àti ibi tí a ti lè yí padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Eré ìdárayá ni tiwọn. Oúnjẹ òòjọ́ ni ti ará Badia. Síbẹ̀, ọgbọ́n kan náà ló wúlò: èyí tí ó kúrú jù kọ́ ló dára jù. Àbùjá kan kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí oníkẹ̀kẹ́ gba àárín àdúgbò, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bí ó bá dé oríta tirélà. Bí omi bá ti bo títì, kí ó dúró kí ó fà.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n oníkẹ̀kẹ́ nìkan kò tó. Àwọn kan yóò ní oníkẹ̀kẹ́ kò pọ̀ tó ohun tí a ń náwó lé. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí wọ́n pọ̀. Bí a bá sì fi ìdérí bo gọ́tà Badia, ọmọ iléèwé àti ìyá tí ó gbé igbá karí yóò jàǹfààní kí oníkẹ̀kẹ́ tó jàǹfààní. Bí a bá fi òpó kọ́ńkéré ya ẹsẹ̀ bàtà díẹ̀ sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tirélà, iye tí yóò ná ìjọba kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀mí kan.

Ẹni tí ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ arúgbó gbọ́dọ̀ ronú bí arúgbó náà yóò ṣe délé. Ìjọba Èkó ti gba ọ̀kadà. Kí ó fún kẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà.