Kí A Fa Ọmọ Ogúnléndé Lọ́wọ́

Àwa ará Lálúpọn kò gbọdọ̀ wí pé ọ̀rọ̀ ogúnléndé kò kàn wá. Ogun tí ó fọ́ Ọ̀yọ́ Ilé ni ó lé púpọ̀ nínú àwọn baba wa wá sí ilẹ̀ Ìbàdàn. Ogun náà ni ó kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní ọdún 1821. Nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí Sàró ní 1822, àwọn olùkọ́ fà á lọ́wọ́. Ní 1827 ó ti wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay. Nígbà tí ogun dé bá Sàró ní 1991, àwọn ọmọ ibẹ̀ sá wá sí Orù ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Mélòó nínú wọn ni a fà lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀?

Láti 2017 ni àwọn ará Kamẹrúùnù ti ń sá wọ Nàìjíríà. Ètò DAFI tí ìjọba Jámánì dá sílẹ̀ ní 1992 ń san owó yunifásítì fún àwọn ogúnléndé kan, ṣùgbọ́n owó kì í ṣàlàyé fọ́ọ̀mù JAMB fún ọmọ tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jóná mọ́lé. Ènìyàn ni í ṣe é. (A kò ní kí ẹ pa ọmọ tiyín tì o.) Ẹ̀yin tíṣà inú ẹgbẹ́ wa, bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ bá a kọ̀wé, ẹ bá a ka ìwé. Ẹ̀yin àgbẹ̀, yàrá kan àti iṣu díẹ̀ ní àkókò ìdánwò kì í ṣe ohun kékeré.