Ọ̀nà Tí Àdúgbò Ti Ń Gbà Láti Ọjọ́ Pípẹ́: Ta Ló Lẹ́tọ̀ọ́ Láti Dí I?



Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tó tẹ́ ilẹ̀ fún wa tó sì fi àwọn ọ̀nà sínú rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ísílàámù, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ tí à ń kọ́lé sí. Ilẹ̀ tí à ń rìn kọjá ni.

Ẹ fojú inú wo àdúgbò kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ọ̀yọ́. Ọ̀nà tóóró kan wà láàrin agbo ilé méjì. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ń gbà lọ sí ilé-kéwú. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá ń gbà ru ẹrù lọ sí ọjà. Ibẹ̀ ni baba arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn ń gbà lọ kí ìrun Àsùbáà. Kò sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rìn ín. Lọ́jọ́ kan, ọmọ onílẹ̀ ta ilẹ̀ náà. Ẹni tó rà á gba ìwé, ó pe àwọn tó ń wọn ilẹ̀, ó kó búlọ́ọ̀kù dé. Kí oṣù tó parí, ògiri ti dí ọ̀nà. Baba arúgbó ní láti gba ojú títì ọlọ́kọ̀ yí po kó tó dé mọ́sálásí. Nígbà tó yá, a kò rí baba ní ìrun Àsùbáà mọ́.

Bí ẹ bá bi ẹni tó mọ ògiri, yóò ní, "Owó mi ni mo fi rà á." Bí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò, wọn a ní, "Ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà nìyẹn." Ta ló jàre? Èrò tèmi ni pé ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ti ń gbà ní gbangba fún ọdún gbọọrọ, láìtọrọ àyè, láìfi ipá ṣe, láìsí ẹni tó dá wọn dúró, ti di ẹ̀tọ́ wọn. Ìwé ilẹ̀ nìkan kò tó láti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ náà ní ààlà, ó sì yẹ kí a mọ ààlà ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ìlú wa ṣe rí. Nígbà tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́-Ọ̀jà ní àwọn ọdún 1830, tí Ògbómọ̀ṣọ́ náà sì ń gba àwọn tí ogun lé kúrò nílé wọn, kò sí ẹni tó kọ́kọ́ ya àwòrán títì sórí ìwé. Ọ̀nà odò, ọ̀nà oko, ọ̀nà ọjà Akẹ̀sán, ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló là wọ́n. Òfin Ilẹ̀ tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ọdún 1978 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó bá ní kò sí ọ̀nà níbì kan nítorí pé ìwé òun kò dárúkọ rẹ̀ dà bí ẹni tó ní wọn kò bí bàbá àgbà òun rí nítorí pé kò ní ìwé ìbí.

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ? Nínú hádíìsì tí Abu Hurayra gbà wá, tó wà nínú Bukhari àti Muslim, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé bí àríyànjiyàn bá ṣẹlẹ̀ lórí ìbú ọ̀nà, kí a fi ìgbọ̀nwọ́ méje sílẹ̀ fún un. Ìyẹn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá àti ààbọ̀. Ẹ rí i pé ọ̀nà kì í ṣe àjẹkù ilẹ̀ tí onílé bá fẹ́ fi tọrẹ. Ó ní ìpín tirẹ̀.

Ẹ tún rántí ìtàn kan nínú Muwatta Imam Malik. Dahhak ọmọ Khalifa fẹ́ la ojú omi gba orí ilẹ̀ Muhammad ọmọ Maslama kọjá. Onílẹ̀ kọ̀. Wọ́n gbé ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Umar ọmọ Khattab (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i). Umar bi í pé kí ló dé tó fi ń du ọmọ ìyá rẹ̀ ní ohun tí yóò ṣe é láǹfààní, tí òun náà yóò rí omi lò níbẹ̀, tí kò sì ní pa á lára. Ó ṣì kọ̀. Umar búra pé omi náà yóò kọjá, ì báà gba orí ikùn rẹ̀. Àwọn onímímọ̀ kò fẹnu kò pé kí a fi ìdájọ́ yìí ṣe òfin fún gbogbo ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè Umar ṣì yẹ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ mọ ògiri: kí lo pàdánù bí ọmọ ìyá rẹ bá kọjá?

Nígbà tí ìjọba Ottoman kó òfin Ísílàámù jọ sínú ìwé Majalla láàrin 1869 sí 1876, wọ́n fi ìlànà méjì sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Àkọ́kọ́, ohun tó ti wà láti ayébáyé, kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Èkejì, ìpalára kì í di ẹ̀tọ́ nítorí pé ó pẹ́. Ẹ má gbàgbé ìkejì yìí, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ààlà wo ni mo wí? Bí onílẹ̀ bá ní, "Ẹ máa gba ẹ̀yìnkùlé mi ná títí tí wọn yóò fi tún títì ṣe," inú rere nìyẹn. Ẹ kò lè sọ inú rere rẹ̀ di ẹ̀tọ́. Ilẹ̀ Yorùbá mọ èyí dáadáa: ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, bó pẹ́ títí, kò di onílẹ̀. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà rí i bẹ́ẹ̀. Ní England, òfin ọ̀nà ti ọdún 1980 sọ pé bí gbogbo ènìyàn bá gba ọ̀nà kan fún 20 ọdún láìdáwọ́dúró, láìsí ipá, láìsí ìkọ̀kọ̀, láìsí ìyọ̀ǹda, a ó kà á sí ọ̀nà gbogbogbò, àfi bí onílẹ̀ bá ti fi hàn kedere pé òun kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Hádíìsì tó kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi àbòsí gba ilẹ̀, kó má tilẹ̀ ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lọ, yóò fi ilẹ̀ méje kọ́rùn ní ọjọ́ Àjíǹde, ẹnu rẹ̀ mú lójú méjèèjì. Ó ń bá ẹni tó dí ọ̀nà wí, ó sì ń bá àdúgbò tó fẹ́ fi èrò púpọ̀ gba ilẹ̀ onílẹ̀ wí.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká yí ọ̀rọ̀ sí ara wa. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ta ló ń gbé mọ́tò dí ẹnu ọ̀nà aládùúgbò mọ́sálásí? Ta ló ń ta kánópì sójú títì fún ìkómọ àti wòlímọ̀, tí aláìsàn kò fi ríbi kọjá? Ta ló ń na ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí ojú ọ̀nà díẹ̀díẹ̀, tó wá ń ní, "Ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti wà níbí"? Ìlànà kejì ọjọ́un ló ń dá irú wọn lóhùn. Nínú mádíábù Maliki tí à ń tẹ̀ lé, ọdún mẹ́wàá lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn lè pa ẹjọ́ onílẹ̀ tó ń wò tó sì dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà gbogbo Mùsùlùmí kì í ti ibẹ̀ bọ́ lọ. Ẹ rántí iná tó jó ọjà Akẹ̀sán ní oṣù kìíní ọdún 2020. N kò sọ̀rọ̀ ohun tó fà á. Mo kàn ń béèrè: bí iná bá sọ ní àdúgbò tiwa lóru òní, ibo ni ọkọ̀ panápaná yóò gbà wọlé?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kí ni ká ṣe? Ẹ má lọ wó ògiri ẹnikẹ́ni lóru. Ẹ tètè sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kó búlọ́ọ̀kù dé, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá kùn ún tán. Ẹ gbé fóònù yín, ẹ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń gba ọ̀nà yìí, àwọn wo ló ń gbà á, ṣé ẹnì kan dí i rí? Ilé-ẹjọ́ ilẹ̀ wa máa ń gbọ́ ẹ̀rí ìtàn lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àmọ́ àgbà kì í dúró de ọjọ́ ẹjọ́. Ẹ mú ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ baálé àti lèmọ́mù fún ìlàjà. Bí kò bá yanjú, ẹ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, nítorí àbójútó títì àdúgbò wà lára iṣẹ́ tí òfin orílẹ̀-èdè gbé fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilẹ̀, ẹ lọ wò ó ní àárọ̀ kùtùkùtù àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá rí ipa ẹsẹ̀ tó là á já, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó.

Òwe wa ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fún arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn, ó lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ mọ́sálásí. Ànábì kọ́ wa pé ṣíṣí ohun ìpalára kúrò lójú ọ̀nà wà lára ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Bí ẹni tó gbé ẹ̀gún kúrò lọ́nà bá lè rí àforíjìn gbà, ẹni tó mọ ògiri sójú ọ̀nà yẹ kó bẹ̀rù.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ ká mọ ẹ̀tọ́ wa, kó jẹ́ ká mọ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, kó sì la ọ̀nà Àlùjánńà fún wa. Àmín.