Kì Í Ṣe Iná Ni Kí A Lé, Ẹ̀sáǹsì Ni

Awuyewuye kan ti dìde láàárín àwa tí a fẹ́ràn àṣà ní Adja-Ouèrè àti ní àwọn abúlé tí ó yí i ká. Abẹ̀bẹ̀ iná ni ó dá a sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa rí i lórí fóònù: irin tí a tẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, òwú tí a wé mọ́ orí ọ̀pá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, iná tí ń jó lórí òwú náà, oníjó tí ń yí i bí ìlù ti ń dún. Wọ́n fẹ́ kí ó wọ inú ijó tí wọ́n ń jó ní ọjọ́ àṣà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Apá kan nínú àwọn àgbà ní ohun òyìnbó ni, kí a fi òfin dè é. Apá kejì ní ọ̀làjú ni, kí a fi àwọn ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n jó. Àwa kò bá apá kankan lọ, ìdí rẹ̀ nìyí.

Ẹni tí ó bá sọ pé iná kò sí nínú ijó Yorùbá kò tí ì ṣọ́ òru Ẹ̀fẹ̀. Ní Kétou, tí àwa pẹ̀lú rẹ̀ jọ wà ní ẹkùn Plateau kan náà, Agbéná a máa gbé iná sórí jáde ní òru tí ó ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Apaná yóò dé, gbogbo iná ìlú yóò sì kú, kí Ìyá tó jáde nínú òkùnkùn. Àwọn ọmọ Ṣàngó ń ru ajere, ìkòkò onílùú tí iná ń jó nínú rẹ̀, àwọn tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil sì gbé àṣà náà dé ibẹ̀. Ta ni yóò wá sọ fún wa pé àlejò ni iná?

Wọ́n tún ní abẹ̀bẹ̀ wà fún ìtura, pé Ọ̀ṣun ni ó ni ín, pé kò yẹ kí ó pàdé iná. Òtítọ́ ni pé Ọ̀ṣun ni ó ni abẹ̀bẹ̀ idẹ. Ṣùgbọ́n abẹ̀bẹ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń tu ara ní ọ̀sán ni wọ́n fi ń fẹ́ iná nídìí àrò ní alẹ́. Ọ̀rẹ́ àtijọ́ ni àwọn méjèèjì.

Bí ó bá jẹ́ pé tuntun ni ẹ̀sùn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́: a ti gbẹ́ alùpùpù sí i, síbẹ̀ UNESCO kò tìtorí èyí ṣàì ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2001. Àwọn ará Samoa pẹ̀lú ní ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń jó láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ní 1946, ọmọ wọn kan, Freddie Letuli, ti iná bọ ọ̀bẹ náà ní San Francisco. Lónìí, kò sí ẹni tí ó lè gba ijó náà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ó mọ ohun tí ó jogún kì í bẹ̀rù láti fi kún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ní kí a fi àwọn ọmọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kàn yín. Agbéná kì í dá jáde: Apaná ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn baba wa kò gbé iná wọ agbo láìmọ ẹni tí yóò pa á. Nínú ijó tí ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ wa jó, ta ni Apaná? Ní ìlú àwọn tí ó fi abẹ̀bẹ̀ iná ṣiṣẹ́ ṣe, ẹnìkan a máa dúró létí agbo pẹ̀lú aṣọ tútù lọ́wọ́, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó máa wo oníjó. Aṣọ òwú ni oníjó ń wọ̀, kì í ṣe náílọ́ọ̀nù tí ń yọ́ mọ́ ara. Ó di irun rẹ̀, ó gbọn epo tí ó pọ̀ jù kúrò lára òwú kí ó tó ṣáná sí i, agolo epo sì wà lọ́nà jíjìn, pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Fóònù kò fi èyí han àwọn ọmọ wa. Ọwọ́ iná nìkan ni wọ́n rí.

Èyí tí ó burú jù ni epo. Lójú ọ̀nà láti Ikpinlè dé Pobè, inú ìgò ni kpayo wà lórí tábìlì, ọmọdé sì lè rà á. Ẹ̀sáǹsì ń tú afẹ́fẹ́ tí ó lè gbiná, àní bí òtútù bá dé ìwọ̀n 40 nísàlẹ̀ òdo. Epo àtùpà ní láti gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 38 kí tirẹ̀ tó gbiná. Ẹni tí ó bá ti abẹ̀bẹ̀ bọ ẹ̀sáǹsì ti wọ iná lẹ́wù kí ó tó ṣáná.

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa gan-an sì ń dẹ pańpẹ́ sílẹ̀. Lédè Faransé, "pétrole" ni epo àtùpà. Lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa lókè ààlà, pẹtiróòlù ni èyí tí a ń pè ní ẹ̀sáǹsì. Ọ̀rọ̀ kan náà, epo méjì. Ọmọ tí a bá rán lọ ra "pétrole" lọ́wọ́ oníṣòwò tí ó ti Nàìjíríà dé lè gbé ikú wálé. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Àwa tí a ń ka ìwé ìròyìn yìí ní èdè méjèèjì ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kìlọ̀.

Ẹ má ṣe ní a ń sọ àsọdùn. Ní 23 Oṣù Kẹsàn-án 2023, iná sọ nínú ilé tí a kó ẹ̀sáǹsì fàyàwọ́ sí ní Sèmè-Podji. Ó kéré tán, ènìyàn 35 ni ó kú, ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí ẹgbẹ́ wa kéde pé ẹ̀sáǹsì kò gbọdọ̀ wọ agbo ijó kankan tí orúkọ wa wà lórí rẹ̀. Kí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 18 má ṣe fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ tí iná wà lórí rẹ̀. Kí ó fi èyí tí kò níná kọ́ ẹsẹ̀ ijó. Kí a yan Apaná kan fún oníjó kọ̀ọ̀kan, kí a sì dárúkọ rẹ̀ kí ìlù tó dún. Wọn yóò ní epo àtùpà wọ́n, pé ẹ̀sáǹsì ni ó wà nítòsí. Èsì wa kò gùn: ẹni tí kò bá lówó epo àtùpà, kí ó fi abẹ̀bẹ̀ lásán jó. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá mọ ijó, àwọn ènìyàn yóò wò ó.